Oníbodè Ojú Wáyà: Àlàyé lórí Ethernet MAC àti Ohun tí a lè Yí padà nínú Rẹ̀

Ẹni tó bá gba òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì títí dé Sẹ̀mẹ̀ kò ní ṣàìbá oníbodè pàdé. Oníbodè kọ́ ló ni ẹrù, òun kọ́ ló la ọ̀nà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti yẹ ohun tó ń kọjá wò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà ẹ̀rọ tí à ń pè ní Ethernet MAC ń ṣe láàárín kọ̀ǹpútà àti wáyà. A fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín fún ẹni tí yóò fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ọdún 1973 ni Robert Metcalfe gbé èrò Ethernet kalẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Xerox ní Amẹ́ríkà. Ní 1983, àjọ IEEE fi ìlànà 802.3 sọ ọ́ di àjùmọ̀lò. Ìdì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì ẹni tí à ń ránṣẹ́ sí (báìtì 6), àdírẹ́sì olùránṣẹ́ (6), irú ọ̀rọ̀ (2), ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ (46 sí 1500), àti iye àyẹ̀wò (4). Bí iye àyẹ̀wò kò bá bára mu, MAC á da ìdì náà nù. Kì í tún un ṣe.

Ìgbà méjì ni a máa ń yan ohun tí a fẹ́ nínú MAC orí FPGA, ìyẹn ṣíìpù tí a lè tún inú rẹ̀ tò. Èkíní ni ìgbà tí à ń fi èdè Verilog tàbí VHDL ṣàpèjúwe rẹ̀: bí àyè ìdúró ìdì yóò ti tóbi tó, àti bóyá a ó fi ẹ̀yà tí ń bójú tó ìkọlura sí i. Gbogbo èyí ń gba àyè lórí ṣíìpù. Èkejì ni ìgbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́, tí a ń kọ àdírẹ́sì àti ìyára sínú rẹ́jísítà. Lójú tiwa, ibí yìí ló yẹ kí olùkọ́ dúró lé jù. Ẹ̀yà tí a kò kọ́ mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀, kò sí rẹ́jísítà tó lè pè é wá.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ yí: ìdì kò gbọdọ̀ kéré sí báìtì 64. Nígbà tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ bá ń pín wáyà kan, ìdì méjì lè kọlura. Olùránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ nígbà tí ìròyìn ìkọlura bá padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ìdì bá kúrú jù, yóò ti parí, yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ òun gúnlẹ̀ láyọ̀, nígbà tó ti fọ́ lọ́nà. Lóde òní tí àlọ àti àbọ̀ ti ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìkọlura kò sí mọ́. Síbẹ̀ báìtì 64 ṣì wà, kí ẹ̀rọ àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí lè gbọ́ ara wọn yé.