Bí A Ṣe Ń Wádìí Ìdí Tí Oníbàárà Fi Ń Ra Ọjà

Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ mọ iye páálí ọṣẹ tó tà ní Ìbàdàn lóṣù tó kọjá, ìwé ìṣirò á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìyá kan fi mú ọṣẹ yìí, tó fi èkejì sílẹ̀ lórí àtẹ? Ìwádìí tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu, tó sì ń wo ìṣe ènìyàn, ló lè dáhùn ìyẹn. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọjà títà mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, nítorí ẹni tí a bá bi pé “kí ló dé?” kì í sábà sọ ìdí gan-an. Kò pa irọ́. Ìdí tó yá lẹ́nu ló kọ́kọ́ sọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìwádìí kan lórí kọfí ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere. Àwọn ìyàwó ilé kan wà tí wọn kì í ra Nescafé, kọfí tí ènìyàn kàn ń dà sínú omi gbígbóná. Bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní adùn rẹ̀ ni kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Mason Haire, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì California, fura pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ àkọsílẹ̀ ọjà méjì. Ẹran lílọ̀, búrẹ́dì, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún àti àwọn nǹkan mìíràn wà nínú méjèèjì bákan náà. Kọfí nìkan ló yàtọ̀: Nescafé wà nínú ọ̀kan, Maxwell House, kọfí lílọ̀ tí ènìyàn ní láti fara balẹ̀ sẹ́, wà nínú èkejì. Obìnrin kọ̀ọ̀kan rí àkọsílẹ̀ kan péré. Haire kò bi wọ́n ní ohunkóhun nípa kọfí. Ó kàn ní kí wọ́n júwe irú obìnrin tó fẹ́ lọ ra àwọn ọjà wọ̀nyí.

Ó tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú Journal of Marketing ní 1950. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó rí Nescafé ló pe obìnrin náà ní ọ̀lẹ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó rí Maxwell House. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ni pé obìnrin kò fẹ́ kí wọ́n fojú ọ̀lẹ wo òun nínú ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò la ẹnu sọ ìyẹn nípa ara rẹ̀, àmọ́ ó rọrùn láti sọ ọ́ nípa ẹlòmíràn. Ìbéèrè ẹ̀bùrú nìyí.

Ọ̀nà mẹ́ta mìíràn wà tó wọ́pọ̀. Èkíní ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìwọ àti ẹnì kan ṣoṣo. Má ṣe bèèrè pé, “Ṣé ọjà yìí dára?” Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn á dáhùn pé ó dára, kí wọ́n má bàa kàn ọ́ lábùkù. Bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, lọ́jọ́ tí ẹ rà á kẹ́yìn, kí lẹ kọ́kọ́ wò? Ta ló wà pẹ̀lú yín?” Lẹ́yìn náà, dákẹ́ kí o gbọ́.

Èkejì ni ìjíròrò àwùjọ kékeré. Ní 1941, ní Yunifásítì Columbia, Paul Lazarsfeld ń dán ètò rédíò wò. Ẹni tí ohun tó gbọ́ bá dùn mọ́ á tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé; ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn á tẹ pupa. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Robert Merton, rí i pé bọ́tìnnì ń sọ ìgbà tí inú ènìyàn bàjẹ́, kò sọ ohun tó bà á jẹ́. Ó wá ń bi wọ́n nípa ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ gan-an. Inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí ọjà ti kọ́ ọgbọ́n kíkó ènìyàn bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá jọ láti jíròrò. Tí o bá ń ṣe é láàárín Yorùbá, má ṣe pa ìyá àgbà àti ọmọge pọ̀ sójú kan. Bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀, àwọn ọmọdé á gbè é lẹ́yìn, èrò tiwọn á sì sọnù.

Ẹ̀kẹta ni kí o lọ síbi tí wọ́n ti ń rà á tàbí tí wọ́n ti ń lò ó, kí o gba àyè, kí o sì máa wò. Èwo ló gbé, tó tún dá padà? Ta ló sọ pé kí wọ́n mú èyí? Àwọn olùwádìí Haire náà wo inú kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ àwọn obìnrin kan láti mọ̀ bóyá irú kọfí náà wà níbẹ̀.

Gba àṣẹ kí o tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Kà á, fi orúkọ kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó bá ní láárí, irú bí “ìtìjú”, “owó”, “ọkọ ló yàn án”, kí o sì kó àwọn tó jọra jọ. Èyí tó bá tako èrò rẹ, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pẹ̀lú. Bí àwọn tí o ń bá sọ̀rọ̀ kò bá mú ohun tuntun wá mọ́, o lè dúró. Barney Glaser àti Anselm Strauss ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ nínú ìwé wọn ní 1967.

Ṣùgbọ́n má ṣe kọ ọ́ pé “ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà” nítorí ènìyàn méjìlá tí o bá sọ̀rọ̀. Ohun tí irú ìwádìí yìí fún ọ ni ìdí tó ṣeé ṣe kó wà. Lílọ bi ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fi bó ṣe gbilẹ̀ tó hàn. Ìdí náà sì máa ń yí padà. Nígbà tí àwọn olùwádìí tún ìdánwò Haire ṣe, tí wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 1970, wọn kò rí ojú ọ̀lẹ yẹn mọ́. Kọfí kíákíá ti di ti gbogbo ilé. Nítorí náà, má ṣe fi ìdáhùn àná polówó ọjà òní: padà lọ bá àwọn oníbàárà, kí o tún gbọ́ tẹnu wọn.