Igbókòdá: Èbúté tí Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ fi ń bá Omi Ṣòwò

Igbókòdá, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ sí gúúsù Òkìtìpupa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín ìwọ̀nba ọ̀nà yìí ni ilẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí igbó ọ̀pẹ ń di àbàtà, títí tí títì fi dé etí omi tí ẹrù sì gbọ́dọ̀ kúrò nínú mọ́tò bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìpààrọ̀ ọkọ̀ yìí ni ó sọ ìlú náà di èbúté, òun náà ni ó sì so ọrọ̀ ajé Ìkálẹ̀ mọ́ ti Ìlàjẹ débi pé kò ṣeé ṣe láti ṣàlàyé ọ̀kan láìmẹ́nu kan èkejì. Ìjọba amúnisìn pàápàá rí i bẹ́ẹ̀, nítorí abẹ́ ẹkùn ìṣàkóso Òkìtìpupa ni wọ́n kó Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpọ́ì àti Ìjọ Àrógbò sí. Ọdún 1996 ni Ìlàjẹ tó ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ nìkan.

Omi tí èbúté náà ń lò kì í ṣe òkun. Odò, ọ̀sà àti ipa omi tóóró ni ó wà láàárín ìlú náà àti òkun Àtìláńtíìkì, ọ̀sà sì ni omi tí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yà kúrò lára òkun, tí ìgbì kò fi lè jà níbẹ̀ bí ó ti ń jà létí òkun. Ipa omi yìí lọ sí ìwọ̀-oòrùn dé Ẹ̀pẹ́ àti Èkó, ó sì lọ sí ìlà-oòrùn dé agbègbè Sapẹlẹ àti Wàrí. Nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń di ọ̀nà mọ́ àwọn oníṣòwò Èkó, John Glover, alákòóso tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, wá ọ̀nà mìíràn gba ìhà yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870: ọkọ̀ ojú omi ni láti Èkó dé etí ọ̀sà, lẹ́yìn náà ni àwọn aláàárù yóò fi ẹsẹ̀ rìn gba Òde Òǹdó lọ sí Iléṣà. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọmọ Èkìtì Pàrapọ̀ tí ń gbé ní Èkó fi kó ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun Kírìjì tí àwọn ènìyàn wọn ń bá Ìbàdàn jà.

Ẹni tí ó bá ka etí omi yìí sí ìgbèríko lásán kò ní mọ̀ pé Jámánì dù ú rí. Ní 1885, ilé-iṣẹ́ Gaiser ará Hamburg, tí ó ti ń ra epo àti èkùrọ́ ní Èkó, bá Amapẹ̀tù, ọba Máhìn ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etíkun, nítorí pé ẹrù tí ó bá gba Máhìn wọlé kò ní san owó ibodè fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà Òǹdó sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Jámánì gba ilẹ̀ náà sábẹ́ ààbò, ó sì tún yọ̀ǹda rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kan náà.

Ọ̀nà ọ̀dà tí ó gba Orè láti Èkó lọ sí Benin ni ó yí ipò omi padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, igi gẹdú ṣì ń léfòó lójú ọ̀sà lọ sí àwọn ilé ìlàgi Èbúté Mẹ́tta, nítorí pé omi kò gba owó epo mọ́tò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹrù tó kù kọjú sí títì, Igbókòdá sì di ibi tí títì ti ń pàdé àwọn ìlú orí omi, kì í ṣe ibùdókọ̀ ojú ọ̀nà Èkó mọ́.

Ọjà rẹ̀ kò jìyà ìyípadà náà, ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó jèrè níbẹ̀. Láti ìhà Ìkálẹ̀ ni gàrí, epo pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti púpurú ti ń wá, púpurú sì ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sínú omi títí ó fi rọ̀, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n sì yan lórí iná títí ara rẹ̀ fi dúdú; bí wọ́n bá ti ha èèpo dúdú náà kúrò, wọ́n á gún inú rẹ̀ di ìyẹ̀fun. Ìyíyan yìí ni kì í jẹ́ kí ó tètè bàjẹ́, nítorí náà ó bá àwọn apẹja tí ń pẹ́ lórí omi mu gan-an. Láti ìhà Ìlàjẹ ni ẹja, edé àti ẹní ti ń wá, tí àwọn alájàpá sì ń kó wọn lọ sí Òkìtìpupa, Àkúrẹ́ àti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògógóró, tí wọ́n ń sè láti inú ẹmu ògùrọ̀, ìhà méjèèjì ni ó ti ń wá. Ìdí tí ẹja yíyan fi pọ̀ ju ẹja tútù lọ kò fara sin: ọ̀pọ̀ ọdún ni gúúsù ìpínlẹ̀ Òǹdó fi wà láìní iná mànàmáná ìjọba, yìnyín sì wọ́n, nígbà tí igi ẹ̀gbà inú àbàtà ń jó pẹ́, tí ó sì gbóná dáadáa. Ohun tí ó ń yọ ọjà lẹ́nu jù ni koríko ojú omi tí ó wọ Nàìjíríà ní àárín àwọn ọdún 1980, tí ń bo ipa omi, tí ń lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀, tí ó sì lè sọ ìrìn wákàtí kan di ìrìn ọjọ́ kan.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba kò rí bí ọjà. Yanrìn Igbókòdá funfun, ó sì kún fún sílíkà, èròjà tí wọ́n máa ń yọ́ pọ̀ mọ́ sódà nínú iná ìléru láti fi ṣe gíláàsì, nítorí náà ìjọba gómìnà Adékúnlé Ajáṣin gbé ilé-iṣẹ́ Oluwa Glass kalẹ̀ níbẹ̀. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ìléru gíláàsì kò gbọdọ̀ kú lóru, iná mànàmáná ibẹ̀ kò sì ṣeé gbára lé. Ilé-iṣẹ́ náà ti dákẹ́ tipẹ́, bí yanrìn tirẹ̀ kò tilẹ̀ tán.

Èrò tí ó wá ṣe fàájì máa ń wọ ọkọ̀ ní Igbókòdá lọ sí Àyétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń ná owó kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òkun ti gbé púpọ̀ nínú ilé wọn lọ, nítorí pé ẹrọ̀fọ̀ ni etíkun Máhìn, kò ní yanrìn tí ń gba ìgbì dúró. Ẹrọ̀fọ̀ yìí kan náà ni èbúté òkun jíjìn tí ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó ń lépa ní etíkun Ìlàjẹ yóò bá wọ̀yá ìjà, tí wọn yóò sì máa gbẹ́ ẹ lóòrèkóòrè kí ọkọ̀ ńlá tó lè wọlé. Bí èbúté náà bá sì dúró, àfàìmọ̀ kí kòńténà rẹ̀ má gba títì tààrà lọ sí Òkìtìpupa àti Orè, láìní ohunkóhun tí yóò yà ṣe ní Igbókòdá.