Èkúté ló yẹ kí ará Ìjàrẹ́ máa sá fún, kì í ṣe ológbò

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé di ilé èkúté. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí ológìnní fúnra rẹ̀ bá yọjú sí àgbàlá lóru, òkò ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kí i káàbọ̀. Wọ́n ní àjẹ́ ni, àgàgà tó bá jẹ́ dúdú. Ìgbàgbọ́ yìí kò yọ Ìjàrẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ èkúté tí ológbò ń lé ló yẹ kó máa ba èèyàn lẹ́rù. Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn tí ibà Lassa ń bá jà jù lọ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2020 nìkan, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in káàkiri orílẹ̀-èdè yìí lé ní ẹgbẹ̀rún kan, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Òǹdó. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté tó bá kan oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé ló máa ń kó àìsàn náà ran èèyàn. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Ìjàrẹ́, ibi tí wọ́n bá sì kó àgbàdo àti iṣu pa mọ́ sí, èkúté kì í jìnnà síbẹ̀.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń bẹ̀rù ológbò? Ẹ wo ojú rẹ̀ tó ń tàn lókùnkùn. Awọ kan ló wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, kó lè ríran lóru. Ewúrẹ́ náà ní irú awọ yìí, kò sì sẹ́ni tó ń pe ewúrẹ́ ní àjẹ́. Igbe tó ń ké bí ọmọ ìkókó ńkọ́? Abo tó ń wá akọ ló máa ń ké bẹ́ẹ̀, tàbí akọ méjì tó ń jà. Bó sì ṣe ń já bọ́ látòkè tó ń fẹsẹ̀ balẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó rọ̀ ló fi ń yí ara padà kó tó kanlẹ̀.

Ìwà ológbò kò jọ ti ajá. Ajá á máa tẹ̀lé olówó rẹ̀ kiri, ológbò á ṣe èyí tó wù ú. Bó bá ń fara ra ẹsẹ̀ èèyàn, òórùn ara rẹ̀ ló ń fi síbẹ̀, tó fi ń sọ pé ẹni òun ni. Bó bá ń ju ìrù síwá sẹ́yìn, tó sì tẹ etí mọ́rí, inú ló ń bí i, kí ọmọdé fi í sílẹ̀.

Èyí tó máa ń ha èèyàn lára, àìfojú mọ èèyàn ló sábà máa ń fà á. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sí méje tí wọ́n bí i ló yẹ kí ọwọ́ èèyàn ti máa kàn án jẹ́jẹ́. Ìran náà sì lọ́wọ́ sí i. Ẹ wo ológbò Bengal tí wọ́n ń sìn nílẹ̀ òkèèrè, tí àmì ara rẹ̀ dà bíi ti ẹkùn. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Jean Mill, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láwọn ọdún 1960, nígbà tó da ológbò ilé pọ̀ mọ́ ológbò igbó ilẹ̀ Éṣíà. Àwọn ìran àkọ́kọ́ máa ń sá fún èèyàn bí ẹran ìgbẹ́, ó di ìran kẹrin kí wọ́n tó kà á sí ẹran ilé. Títí dòní, Bengal kì í jókòó jẹ́ẹ́: á gun orí àjà, á ṣeré nínú omi, bí kò bá sì rí nǹkan ṣe, á tú ilé.

Ológbò Ìjàrẹ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ilé ló ti wá, òkò ló sọ ọ́ di ẹran ìgbẹ́.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka sísin ológbò mọ́ ọ̀nà tí èèyàn lè gbà lé èkúté nítorí ibà Lassa. Ṣùgbọ́n ológbò nìkan kò tó. Ẹ máa bo gààrí àti oúnjẹ yòókù nínú ohun tó ní ìdérí, ẹ má ṣe sá oúnjẹ sí ẹ̀bá títì, ẹ sì má ṣe fọwọ́ lásán gbé òkú èkúté. Ẹni tó bá ní ológbò kò gbọdọ̀ da májèlé èkúté sílé, torí ológbò tó bá jẹ èkúté tó ti jẹ májèlé lè kú. Kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí aboyún má sì ṣe fọwọ́ kan ìgbẹ́ rẹ̀.

Bí ojú méjì bá tún tàn lẹ́bàá àká lóru òní, kí onílé rọra ju òkò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdẹ tí kì í gba owó ọdẹ ló wà lẹ́nu iṣẹ́.