Ibi tí fítámì D ń wọ̀ sí lára ọmọ tó sanra jù

Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó sanra jù wò, wọ́n sábà máa ń rí i pé fítámì D rẹ̀ kò tó. Ọ̀pọ̀ òbí á ní oúnjẹ ló fà á. Ọ̀rá ara ọmọ náà gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Awọ ara ló ń ṣe fítámì D nígbà tí oòrùn bá pa á. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di irú èyí tí wọ́n ń wọ̀n nínú àyẹ̀wò, kíndìnrín á wá sọ ọ́ di èyí tí ara ń lò. Ọ̀rá ló máa ń yọ́ sí, kì í yọ́ sómi, torí náà bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó ni èyí tó ń kù sínú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dín kù. Ẹ bu ìwọ̀n iyọ̀ kan náà sínú ìkòkò ọbẹ̀ ilé àti ìkòkò ọbẹ̀ ìnáwó, ẹ tọ́ méjèèjì wò: ti ìnáwó ni iyọ̀ rẹ̀ kò ní tó. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000 fi èyí hàn lára àgbàlagbà: ìtànṣán kan náà ni wọ́n tàn sí gbogbo wọn lára, àmọ́ fítámì tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sanra jù fi ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù.

Ṣé àìtó fítámì ló wá ń mú ọmọ sanra? Rárá. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ fi àbùdá nǹkan bí 42,000 èèyàn wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí: sísanra ló ń fa fítámì D wálẹ̀. Ẹni tó bá ń retí kí oògùn fítámì D mú ọmọ òun fọn ń retí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tún yàtọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nígbà míì ó máa ń dúdú, á sì nípọn, ìyá á máa fi kànìnkànìn àti ọṣẹ bó o títí awọ á fi bó. Ìdọ̀tí kọ́. Ínsúlínì ló pọ̀ jù lára rẹ̀, torí pé iṣan kò dá a lóhùn mọ́, ara sì ń tú òmíràn jáde kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bó o mọ́, ẹ gbé ọmọ lọ rí dókítà.

Ṣé fítámì D lè mú ṣúgà náà wálẹ̀? Ìwádìí kan ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2020, fún 225 ọmọ ọdún 10 sí 18 tó sanra jù, tí fítámì D wọn kò tó, ní fítámì D tó jẹ́ 600, 1,000 tàbí 2,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì) lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ohun tí wọ́n wá gan-an, ìyẹn kí òpó ẹ̀jẹ̀ máa fẹ̀ dáadáa, kò yí padà. Àmọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà àárọ̀ kí wọ́n tó jẹun wálẹ̀ díẹ̀ láàárín àwọn tó lo èyí tó pọ̀ ju 600 lọ. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Fún àgbàlagbà tí ṣúgà wọn ti fẹ́ ga, 4,000 IU lójoojúmọ́ kò dènà àtọ̀gbẹ lọ́nà tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà nínú ìwádìí ńlá ọdún 2019.

Ọ̀rọ̀ àìtó fítámì D kan àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba gidigidi, torí awọ dúdú máa ń dí ìtànṣán oòrùn lọ́nà, oòrùn ibẹ̀ kò sì lágbára nígbà òtútù. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ibẹ̀, ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú ronú lílo 400 IU lójoojúmọ́ yípo ọdún.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgò fítámì D olómi. Nínú òmíràn, ẹ̀kán kan ṣoṣo ni 400 IU. Nínú òmíràn, ó di kí ohun ìfami rẹ̀ kún dé mílílítà kan. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ti ìgò kejì lo ti àkọ́kọ́ fún oṣù díẹ̀ lè mú kí kálísíọ̀mù pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ: èébì, òùngbẹ, inú kíkún, kíndìnrín tó ń bàjẹ́. Láti ọmọ ọdún 11, 4,000 IU lóòjọ́ ni òpin láìjẹ́ pé dókítà ló pàṣẹ rẹ̀. Ti àwọn kékeré kéré síyẹn. Bí ẹ bá ń lọ sílé ìwòsàn, ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.