Gbèsè Ọjà Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ọlọ́pàá

 

Bí ènìyàn bá jókòó sí ọ́fíìsì lọ́yà kékeré láàárọ̀, yóò rí ẹjọ́ ilẹ̀, yóò rí ẹjọ́ owó ṣọ́ọ̀bù, yóò sì rí ti àwìn. Ti àwìn la fẹ́ sọ lónìí, torí òun ló ń gba oorun lójú wa jù.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ gbé ogún àpò ìrẹsì fún oníbàárà yín àtijọ́. Ó san díẹ̀, ó ní bó bá di oṣù tó ń bọ̀ òun á parí ẹ̀. Oṣù kan di mẹ́fà. Ẹ pè é, kò gbé fóònù. Kí làwọn ará ọjà máa sọ? "Fi ọlọ́pàá gbé e!" Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣìṣe.

Gbèsè lásán kò sọ ènìyàn di ọ̀daràn. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn nìkan. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn, ti 2015, sọ bákan náà, ó sì ní a kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí à ń wá. Kí wọ́n ti ìyá mọ́lé torí gbèsè ọmọ, kò bófin mu rárá. Bí ẹ bá sì fi ọlọ́pàá gbé onígbèsè, ó lè pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ tẹ ẹ̀tọ́ òun mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń wá owó á wá di ẹni tó ń san owó!

Ti ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí yàtọ̀. Ti ẹni tó fi irọ́ gba ẹrù láti ìbẹ̀rẹ̀ náà yàtọ̀. Ìwọ̀nyẹn, ọlọ́pàá lè dá sí i.

Kí wá ni ṣíṣe? Lẹ́tà ni lọ́yà máa kọ́kọ́ kọ, pé kí ó san iye báyìí títí di ọjọ́ báyìí. (Ẹ béèrè iye tí lọ́yà máa gbà kó tó mú bírò o.) Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí lẹ́tà yẹn, ẹsẹ̀ wọn á yá. Bí kò bá san, ní Èkó, kóòtù kan wà fún gbèsè kéékèèké lábẹ́ Májísíréètì. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2018, gbèsè tí kò ju N5,000,000 lọ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, wọ́n sì ṣètò pé kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Ẹ lè dá ẹjọ́ yín rò níbẹ̀ láìní lọ́yà, ṣùgbọ́n lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti ṣáájú.

Ohun tó ń pa wá lára jù ni ìwé gbèsè wa. "Ìyá Bọ́lá, ogún àpò." Ìyá Bọ́lá wo? Iye wo? Ẹ kọ ọjọ́, irú ẹrù, iye rẹ̀, èyí tó san, èyí tó kù àti ọjọ́ tó máa san án, kí òun fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá mọ̀wé, kó tẹ̀ka, kí ẹnì kan jẹ́rìí. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ́. Láti ọdún 2011 ni òfin ẹ̀rí ti fàyè gbà á ní kóòtù.

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù. Ní Èkó, ọdún mẹ́fà ni òfin fún irú gbèsè yìí. Bí onígbèsè bá san díẹ̀ níbẹ̀, tàbí tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun jẹ ẹ́, kíka ọdún á tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Bó bá wá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá torí owó ọjà, ẹ ránṣẹ́ pe lọ́yà. Ọ̀fẹ́ ni béèlì ọlọ́pàá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní obìnrin kò lè ṣe onídùúró, ẹ sọ fún un pé òfin 2015 yẹn, abala 167, ní a kò gbọdọ̀ kọ onídùúró torí pé ó jẹ́ obìnrin.