Coil wo ló yẹ vape yín? Ohun tí nọ́ńbà ohm ń sọ gan-an

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n ti fòfin de títa vape tí wọ́n ń lò tán tí wọ́n ń jù nù ní UK. Àwọn èèyàn wa tó japa lọ síbẹ̀, tí wọ́n ti mọ́ irú èyí lára, wá ní láti ra èyí tí wọ́n ń rọ juice sí, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ coil rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà l'Ékòó náà. Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ níbí àti lọ́hùn-ún: "Ṣé coil 0.2 ni kí n rà ni, àbí 1.2? Èwo ló lágbára jù?"

Ìbéèrè kejì yẹn ló ń gbé èèyàn ṣìnà. Lórí vape tó ní chip nínú, nọ́ńbà ohm kọ́ ló ń sọ bí nǹkan ṣe lágbára tó. Bí ẹ ṣe ń fa èéfín ló yẹ kẹ́ ẹ fi yan ohm. Ẹni tó bá kàn ń wá "èyí tó lágbára jù" ni òòyì máa ń kọ́, ni coil rẹ̀ máa ń jóná, ni bátìrì rẹ̀ sì máa ń kú kó tó di ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná: mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ vape o. Nicotine máa ń di bárakú. Ẹni tí kò mu sìgá rí kò ní nǹkan kan tó fẹ́ fi ṣe, ọmọ tí kò tíì pé 18 kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ni ohm?

Coil kò ju wáyà tí wọ́n ká, tí òwú sì wà lára rẹ̀ lọ. Òwú á mu juice, iná á wọ inú wáyà, wáyà á gbóná, juice á sì di oru. Ohm ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà náà ṣe ń dènà iná tó. Orúkọ Georg Ohm, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Jámánì tó tẹ òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1827, ni wọ́n fi pè é.

Ẹ fi wé ojú títì. Tí títì bá fẹ̀, ọkọ̀ púpọ̀ á kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ ọ̀nà àdúgbò tóóró ni, díẹ̀díẹ̀ ni ọkọ̀ máa kọjá. Wáyà tó nípọn tó sì kúrú ni títì tó fẹ̀: ohm rẹ̀ kéré, bíi 0.2. Wáyà tó tín-ín-rín tó sì gùn ni ọ̀nà tóóró: ohm rẹ̀ pọ̀, bíi 1.2.

Iṣẹ́ tí chip ń ṣe

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́ kò ní chip rárá, bátìrì kàn so mọ́ coil tààrà ni. Níbẹ̀, ohm ló ń pinnu ohun gbogbo. Bátìrì tó kún máa ń gbé volt 4.2. Tí ẹ bá fi coil 0.2 sí i, amp 21 ló máa fà jáde nínú bátìrì yẹn. Tó bá jẹ́ 0.1, ó di 42, ọ̀pọ̀ bátìrì ni kò sì lè gbé e. Ọkùnrin kan kú ní ìlú St. Petersburg ní Florida lọ́dún 2018 nígbà tí vape rẹ̀ bú gbàmù. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé irú ẹ̀rọ tí kò ní chip yìí ló ń lò. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "ohm kékeré léwu", ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Èyí kejì ló ní chip, òun ni ọ̀pọ̀ yín ń lò. Ẹ̀yin lẹ máa yan watt, ẹ ní kó gbé 12. Chip á wọn ohm coil yín, á sì ṣe ìṣirò volt tó máa fi gbé watt 12 yẹn jáde. Tí coil bá jẹ́ 1.2, ó máa gbé nǹkan bíi volt 3.8. Tó bá jẹ́ 0.3, á gbé 1.9. Ohm yàtọ̀, volt yàtọ̀, ṣùgbọ́n watt 12 náà ni.

Kí ló wá yàtọ̀ nínú méjèèjì? Ìtóbi coil ni. Coil 0.3 máa ń tóbi, òwú rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fún un ní watt 12 péré, ńṣe ló dà bíi pé ẹ gbé ìkòkò ọbẹ̀ òde ka orí èédú méjì, kò ní gbóná dáadáa. Tẹ́ ẹ bá sì fún coil 1.2 ní watt 40, iná ńlá lẹ fi sábẹ́ páànù kékeré tẹ́ ẹ fẹ́ fi dín ẹyin yẹn. Ó máa jó.

Bátìrì ńkọ́?

Lórí ẹ̀rọ tó ní chip, watt ni bátìrì ń gbé, ohm kọ́. Nígbà tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ dé volt 3.2, watt 12 máa ń fa nǹkan bí amp 4 lára rẹ̀. Watt 60 máa ń fa bíi 19, ó sì máa ń lé ní 20 tẹ́ ẹ bá ka iná tó ń ṣòfò nínú ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ì báà jẹ́ coil 0.2 tàbí 0.5, kò yàtọ̀.

Ẹ wo bátìrì 18650 tí ọ̀pọ̀ mọ̀, Samsung 25R. mAh 2,500 ló gbé, amp 20 sì ni òpin rẹ̀. Ìyẹn ni pé watt 60 lórí bátìrì kan ṣoṣo ti dé góńgó. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta 18650 tí wọ́n kọ mAh 9,900 sí lára fún yín, ẹ sá. Irú rẹ̀ kò sí láyé, fèrù ni.

Ẹ tún ronú nípa iná NEPA. Tí èèyàn bá ń tẹ bọ́tìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta nígbà kọ̀ọ̀kan, bátìrì yẹn lè gbé nǹkan bí 900 fífà ní watt 12 lórí ìwé. Ní watt 60, ó di 180. Tójú bá kan iṣẹ́, ó máa dín sí i. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Báwo lẹ ṣe ń fà á?

Ibí gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń fà á bíi sìgá, tí èéfín kọ́kọ́ dúró lẹ́nu kó tó wọ àyà, coil 0.8 sókè sí bíi 1.5 ló yẹ yín, pẹ̀lú nǹkan bíi watt 8 sí 15. Juice tó ṣàn, tí PG àti VG rẹ̀ dọ́gba, ló bá a mu, nicotine sì lè jẹ́ mg 10 sí 20. Ẹni tó ń fi vape kúrò nídìí sìgá, ibí ló sábà máa ń bá a lára mu.

Tẹ́ ẹ bá ń fà á wọ àyà tààrà bíi shisha, coil 0.15 sí 0.5 ni tiyín, pẹ̀lú watt 30 sí 80. Juice tó ki, tí VG rẹ̀ tó 70, ni kẹ́ ẹ lò, nicotine rẹ̀ kó má ju mg 3 sí 6 lọ.

Coil 0.6 sí 0.8 wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ nicotine yìí. Coil ńlá máa ń sun juice púpọ̀ ní fífà kan ṣoṣo. Ní UK, òfin kò gba juice tó bá ju mg 20 lórí mílílítà kan lọ. Níbí, ẹ lè rí èyí tí wọ́n kọ 5% sí, ìyẹn mg 50. Ẹni tó bá rọ ìyẹn sínú coil 0.2, tó wá fi watt 60 sí i, ara rẹ̀ ló máa sọ fún un: òòyì, èébì, kí àyà máa lù kìkì.

Ẹ ka ohun tó wà lára coil

Lára ọ̀pọ̀ coil, wọ́n máa ń kọ ohm àti watt tó yẹ, bíi "0.3Ω, 30–40W". Kò sí ìmọ̀ràn tó ju ìyẹn lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kéré jù, kẹ́ ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa dùn mọ́ yín lẹ́nu. Tí coil bá jẹ́ tuntun, ẹ kán juice sára òwú rẹ̀, ẹ rọ juice kún tanki, kẹ́ ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Tó bá ti ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ní Portland State University l'Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sínú New England Journal of Medicine. Wọ́n ní nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n dán wò wà ní volt 3.3, àwọn kò rí formaldehyde nínú èéfín rẹ̀, ìyẹn irú kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé 5.0, ó jáde. Àwọn onímọ̀ mìíràn ta kò wọ́n, wọ́n ní coil tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ á ti korò débi pé kò sẹ́ni tó máa lè fà á. Èmi ò dá sí ìjà wọn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé òórùn jíjóná yẹn, ìkìlọ̀ ni. Ẹ dín watt kù, ẹ wò ó bóyá juice ti tán. Tí kò bá lọ, ẹ pààrọ̀ coil.

Ẹ tún máa wo ojú ẹ̀rọ yín. Tí coil 0.3 bá fi 0.28 tàbí 0.32 hàn, kò sí wàhálà. Tí nọ́ńbà bá ń fò sókè fò sódò, ẹ tú coil, ẹ nu ibi tó ti kan irin, kẹ́ ẹ tún un dè. Bátìrì tí ọ̀rá ara rẹ̀ bá ti ya, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má sì ju bátìrì sí àpò tí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́ wà, nítorí ó lè gbiná.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń tà: bẹ́ ẹ ṣe ń fà á, mg nicotine tẹ́ ẹ ń lò, àti iye watt tí ẹ̀rọ yín lè gbé. Tó bá jẹ́ "èyí ló ń tà jù" nìkan ló rí dá yín lóhùn, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.