Gbéborùn, koríko tó ń dí ojú ọ̀sà: ta ni yóò palẹ̀ rẹ̀ mọ́?

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí odò Ògùn kún tí omi rẹ̀ sì ń ya wọ inú ọ̀sà, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó ti mọ ohun tó ń bọ̀. Koríko eléwé roboto, olódòdó aláwọ̀ àlùkò, yóò bo ojú omi bí ẹní. Yóò wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ yóò sì dúró sáàárín omi pẹ̀lú èrò nínú. Apẹja kò ní í rí ibi tí yóò ju àwọ̀n sí. Water hyacinth ni Òyìnbó ń pè é. Àwọn Yorùbá tó sọ ọ́ ní gbéborùn mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí bí olófòófó ṣe ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn ni òun náà ṣe ń ti odò bọ́ sí odò.

Kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́. Àlejò ni. Agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ẹwà òdòdó rẹ̀ ló sì mú kí àwọn èèyàn máa gbé e kiri àgbáyé láti fi ṣe adágún omi wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ojú omi Àgbádárìgì, níbi tó léfòó wọ̀ láti apá Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Kò gba Sèmè kọjá, kò sì bá aṣọ́bodè kankan pàdé. Láìpẹ́, ó ti dé Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Bí omi bá dùn mọ́ ọn, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Irúgbìn rẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ omi fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù. Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá ya wọ ọ̀sà, á kú, á sì jẹrà, ṣùgbọ́n omi òjò tuntun á tún gbé òmíràn wá láti òkè odò. Ìdọ̀tí ilé àti ajílẹ̀ oko tí à ń jẹ́ kó ṣàn sínú odò ló sì ń bọ́ ọ.

Níbi tí òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àjọ NAQS, tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn lẹ́nu ibodè, ló yẹ kó dí ọ̀nà mọ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù tilẹ̀ ti fòfin de títà àti gbígbìn gbéborùn láti ọdún 2016. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wọlé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Èkó àti àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ fi ń bára wọn fa àṣẹ orí omi. Lọ́dún 2017, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Èkó láre. Ní ọjọ́ 5, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ yí i padà, ó ní NIWA ló láṣẹ. Owó ìwé àṣẹ ọkọ̀ àti ti yanrìn ló dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe koríko. Lójú tiwa, ẹni tí òfin fún lágbára láti gba owó lórí omi kò lè sọ pé ohun tó dí ojú omi náà kò kan òun.

Ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń fi kó o. Ẹ̀rọ dára fún ojú ọ̀nà ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí nǹkan mìíràn tó ń ràn án lọ́wọ́, ńṣe ló dà bíi kéèyàn máa fi ajere gbọn omi. Ẹ wo ohun tí àwọn ará Benin ṣe. Láti ọdún 1991, ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tú àwọn kòkòrò kéékèèké kan, Neochetina, tí wọ́n kó wá láti ìlú abínibí gbéborùn, sójú omi wọn. Wọ́n ti dán an wò pé gbéborùn ló ń jẹ, kì í jẹ oko. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2003 sọ pé ní gúúsù Benin, níbi tí èèyàn bí 200,000 wà, koríko náà ń mú kí wọ́n pàdánù mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dọọdún nígbà tó le jù. Lẹ́yìn tí kòkòrò ti ṣiṣẹ́, mílíọ̀nù 30.5 nínú owó náà ń padà wọlé lọ́dọọdún. Gbogbo ìnáwó iṣẹ́ kòkòrò ọ̀hún kò ju mílíọ̀nù méjì dọ́là àti díẹ̀ lọ. Ó gba sùúrù o, nítorí kì í ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n máa ń sọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn olóṣèlú fi fẹ́ràn ẹ̀rọ tí èèyàn lè dúró tì kó ya fọ́tò.

Àwọn kan ti ń sọ ọ́ di owó. Arábìnrin Achenyo Idachaba ń kọ́ àwọn ará etí omi láti sá a gbẹ, kí wọ́n fi hun apẹ̀rẹ̀ àti ohun èlò ilé. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sá a gbẹ létí omi tó ti gé e, kó má ṣe gbé e ní tútù lọ sí odò mìíràn, nítorí ìtàkùn kékeré kan péré tó bá já bọ́ sómi tó fún un láti tún bẹ̀rẹ̀.